Onígbàjámọ̀ Tó Pe Pàṣán Lórí Rédíò

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kì í ṣe pé kò ní èrò tirẹ̀ o, iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni, ẹni tó bá sì mú abẹ dání lẹ́bàá ọ̀fun ọmọlọ́mọ kò gbọ́dọ̀ máa bá a fa ọ̀rọ̀. Bí oníbàárà kan bá jókòó tó ní ìjọba yìí ló dáa jù láti ìgbà tí wọ́n ti dá ayé, á ní, "Ẹ ò parọ́." Bí ẹni tó tẹ̀ lé e bá jókòó sórí àga kan náà tó ní olè ni gbogbo wọn, kí wọ́n kó wọn dà sínú òkun, á tún ní, "Ẹ ò parọ́." Á gbọn aṣọ tí wọ́n fi ń bo ọrùn, irun ẹni àkọ́kọ́ á já bọ́ sílẹ̀, á sì so ó mọ́ ẹni kejì lọ́rùn. Mo mọ gbogbo èyí nítorí pé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi. Télọ̀ ni mí. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lọ́hùn-ún ni mò ń gbọ́. Tí mi ò bá gbé e kúrò, mò ń gbọ́ ìdajì.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo ti gbọ́ tí wọ́n yẹgi fún mínísítà, tí wọ́n lé gbogbo ọlọ́pàá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin di ilé adìyẹ, gbogbo rẹ̀ kí a tó jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbọn irun kúrò lára, wọ́n á kí ara wọn pé ó dàbọ̀, wọ́n á gba ilé wọn lọ. Kò sí mínísítà tó tìtorí ẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni, ṣọ́ọ̀bù náà ló sì máa ń parí sí.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó máa ń gẹrun fún àwọn sójà ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, bákan náà ni gbogbo orí tó bá kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa ń rí, bí ẹni pé gbogbo àdúgbò fẹ́ lọ sógun. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ pé orí yàtọ̀ sí orí. Ó ní kó máa fi sùúrù wo orí ọmọ èèyàn ná kó tó gbé kílípà lé e. Ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu, iṣẹ́ sì gbèrú. Ó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti wà nílé ọkọ, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn, nítorí náà àwa mẹ́ta la jọ ń gbé agbo ilé náà.

Ó máa ń dìbò. Ohun tí mo fi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù nìyẹn. Bí ọjọ́ ìbò bá pé, á fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, á wọ aṣọ tó ti lọ̀ sílẹ̀, á jáde ní ìdájí bí ẹni tó ń lọ fẹ́yàwó. Ó dìbò fún ẹni tó ní òun á tún ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ṣe. Ọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀, kòtò inú rẹ̀ nìkan ló ń dàgbà. Ó dìbò fún ẹni tó ní iná á máa tàn láìṣẹ́jú. Onítọ̀hún lọ, iná náà sì bá a lọ. Ó ń dìbò léraléra fún kánsílọ̀ àdúgbò wa, ẹni tí kì í wá gẹrun àfi tí ìbò bá ti sún mọ́lé. Kánsílọ̀ á jókòó, á máa pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní "ọ̀gá mi", á ní kó fá òun mọ́ tónítóní kí àwọn èèyàn òun lè rí ojú òun. Tí wọ́n bá ti dìbò tán, irun rẹ̀ kì í hù mọ́ títí ìbò mìíràn á fi dé.

Ọdún ń gorí ọdún, ó sì ń sú u. Mo rántí ìgbà kan tó ti ibi ìbò dé, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò bọ́ bàtà. Mo bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, "Àbúrò mi, àwọn èèyàn yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ni. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ohùn ńlá ni Ọlọ́run fún un. Tó bá ń kọ́ àwọn tirẹ̀ ní a, b, d, àwọn tó wà ní kíláàsì kejì á máa dá a lóhùn. Gẹ̀gẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́rùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi ìborùn bò ó, ó ń fi ṣe àwàdà, ó ní òun ń sanra níbi tí ẹlòmíràn kì í ti í sanra. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ há. Ó di pé àtẹ́wọ́ ló fi ń pe àwọn ọmọ. Nígbà tó tún yá, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ìrọ̀rí là ń tò sí i lẹ́yìn, ó ń sùn níjòókòó, èémí rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa omi tó kù sí ìsàlẹ̀ ife.

Dókítà ọlọ́fun tó wà ní ọsibítù ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wa. Ó ní gẹ̀gẹ̀ náà ti ń wọ inú àyà lọ, ó ń fún ọ̀nà tí èémí ń gbà, àfi kí òun ṣe iṣẹ́ abẹ, kó má sì pẹ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í jágbe mọ́ni. Òun nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi í pamọ́ fún wa.

Wọ́n dá ọjọ́ fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ, kò mu, a gbé e lọ, wọ́n wọ aṣọ ọsibítù fún un, wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní gáàsì tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun ti tán. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ yẹn gáàsì wà, iná ló lọ, kò sì sí epo nínú ẹ̀rọ amúnáwá. Bí a ṣe gbé e lọ náà la ṣe gbé e padà, ebi ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì ní ohùn tó lè fi ráhùn.

Àárín ìgbà yẹn ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Pàṣán jáde láti du ipò olórí ìjọba. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó máa ń mú pàṣán lọ sórí pèpéle ìpolongo, pàṣán gidi, aláwọ, tó bá sì fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ á fi na tábìlì. Kò ní òun á tún ọ̀nà ṣe. Kò ṣèlérí iná. Ó ní òun mọ àwọn tó ń jẹ wá níyà, òun mọ ilé wọn, òun á fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ta ló ń fi yín ṣe ẹlẹ́yà? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi." Ọjọ́ tí rédíò kọ́kọ́ gbé ohùn yẹn jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ tí kílípà dákẹ́. Oníbàárà ní, "Apá kejì ńkọ́?" Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ní ẹgbẹ́. Òun tó jẹ́ pé "Ẹ ò parọ́" ni gbogbo òṣèlú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló wá ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ n bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀." Ó lẹ pósítà Pàṣán mọ́ òkè dígí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wo orí ara rẹ̀ á kọ́kọ́ rí pàṣán. Ẹ̀gbọ́n mi wo pósítà náà, ó fi ohùn tó kù fún un rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi sọ fún un pé ọ̀fun ló ń dùn mí, kì í ṣe ẹ̀yìn." Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ pósítà náà kúrò.

Pàṣán wọlé wẹ́rẹ́. Àdúgbò wa kún fún ariwo ayọ̀, àwọn èèyàn tí wọn kì í kí ara wọn ń dì mọ́ ara wọn. Èmi ò lọ dìbò ní tèmi, aṣọ ilé ìwé ọmọ ló kún ọwọ́ mi. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti yọ ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Nígbà tó gorí àga tán, ó dá ètò kan sílẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ń pè é ní Pe Pàṣán. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹjọ́ á pè é, á sì dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan pè nípa olùkọ́ tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, ó lé olùkọ́ náà kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnì kan pè nípa ọ̀gá ọlọ́pàá, ó ní kí ọ̀gá náà bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. À ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Kódà èmi, mo máa ń dá máṣíìnì dúró.

Ìgbà yẹn ni wọ́n dá ọjọ́ kẹta fún ẹ̀gbọ́n mi. Gáàsì wà, iná wà, bẹ́ẹ̀dì wà. Ẹ̀gbọ́n mi ti dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń jà fún èémí, ó sì ń fi ọwọ́ sọ fún wa pé kò burú. Nọ́ọ̀sì jáde wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, ó ní dókítà ò wá lónìí, ká máa lọ ilé. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Kò bá nọ́ọ̀sì jiyàn. Ó ní, "Ẹ ò parọ́, mà." Ojú rẹ̀ ni mo wò, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ tákísí kan tó wá gẹrun ló fún un ní ìdáhùn tó ń wá. Ó ní, "Dókítà ọlọ́fun yẹn? Ṣebí èmi ni mo gbé e lọ́jọ́ náà. Ọsibítù aládàáni kan ló lọ. Ibẹ̀ ló ti ń gé tàwọn olówó." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n so ó mọ́ òpó iná. Ẹlòmíràn ní òpó ti dáa jù fún un, iná ò kúkú sí níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń pọ́n abẹ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó di Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún. Ó ń fá irùngbọ̀n ẹnì kan lọ́wọ́, ó fi èjìká di fóònù mọ́ etí, ó ń pè, wọn ò gbé e, ó ń tún pè. Mo gbọ́ tó ní, "Háló." Lẹ́yìn ìyẹn mo tún gbọ́ "Háló" náà láti inú rédíò, ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ti ẹnu rẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀ tí ọ̀kan ń sín èkejì jẹ.

Pàṣán ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Kí ló ń ṣe yín?"

"Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá wa. Èmi kọ́, ìyàwó mi ni. Ìyàwó mi ò lè mí dáadáa."

"Ìyàwó yín ò lè mí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́? Kí ló ń ṣe é, Bàbá? Ẹ fara balẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ó sì sọ ọ́. Ó sọ ti gẹ̀gẹ̀, ti gáàsì, ti iná, ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Pàṣán ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé orí dókítà, Pàṣán bi í ní orúkọ dókítà náà, ó sì dárúkọ rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún un?"

Ká ní ó dákẹ́ díẹ̀ ni, ká ní ó wo ẹ̀yìn, bóyá á rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àga wà níwájú rẹ̀, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ jókòó yí i ká, ó sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́ ayé. Ó ní, "Ẹ lé e dànù. Kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó jókòó sínú oòrùn bó ṣe ń mú wa jókòó. Kí ẹ lé gbogbo àwọn tó bá jọ ọ́."

Pàṣán ní, "Ó ti parí."

Àtẹ́wọ́ sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dìde, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, dókítà wa mà ni." Ó wò mí bí ẹni tó ń ti ojú oorun bọ̀. Ó ní, "Wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á fi ẹni tó dáa jù ú lọ." Gbogbo wọn ní ó parí síbẹ̀.

Ní Mọ́ńdé, Pàṣán dé ọsibítù pẹ̀lú ọlọ́pàá àti kámẹ́rà. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti lọ pe dókítà jáde, fìlà aláwọ̀ ewé ṣì wà lórí rẹ̀. Pàṣán bi í pé, "Níbo lo wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé obìnrin yẹn wá?" Dókítà ní, "Ọ̀gá, owó oṣù wa ni..." Kò rí i parí. Wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà, nínú oòrùn, níwájú àwọn aláìsàn rẹ̀ àti àwọn nọ́ọ̀sì. Pàṣán dúró lé e lórí, ó ní òun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mi nílé. Ó wò ó tán, ó ní kí n tún un ṣe. Ìgbà kejì ló fi ìka kan ojú dókítà lórí gíláàsì. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ gbà mí là nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi di gbajúmọ̀. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò mìíràn wá kí onígbàjámọ̀ tó bá Pàṣán sọ̀rọ̀ lè gẹrun fún wọn. Àwọn ọmọ Pàṣán gbé àga tuntun wá fún un, aláwọ dúdú, tó ń yí. Kánsílọ̀ wa náà dé, irun rẹ̀ ṣàdédé hù láìsí ìbò nílẹ̀. Ó ti wọ ẹgbẹ́ Pàṣán. Ó ní láti ilẹ̀ wá lòun ti wà níbẹ̀.

Ní ọsibítù, wọ́n kun ògiri. Wọ́n gbé dókítà tuntun wá, ọ̀dọ́ kan tó ń sọ òótọ́. Ó wo ọrùn ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ní òun ò la irú èyí rí, tí òun bá gbé abẹ sí i, òun á pa á. Méjì nínú àwọn oníṣẹ́ abẹ yòókù ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, wọn ò dúró de Mọ́ńdé tiwọn. Dókítà ọ̀dọ́ náà júwe ọsibítù ńlá kan tó jìn fún wa. A gbé e lọ síbẹ̀ nínú ọkọ̀. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá kó sí ni ẹ̀gbọ́n mi ń di aṣọ mi mú. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ní àwọn tó wà níwájú wa pọ̀, ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tún pe Pàṣán. Ó ń pè láràárọ̀, kì í ṣe Sátidé nìkan. Níkẹyìn ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ. Ó ní kó dúró, ó dúró. Ọmọ náà padà wá, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire. Ọ̀rọ̀ yín ti yanjú." Ó ní ìyàwó òun ò tíì rí iṣẹ́ abẹ. Ọmọ náà ní, "Lọ́dọ̀ wa níbí, ó ti yanjú, sà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba fóònù náà kí n là á mọ́ ògiri.

Èmi ni mo ní ká lọ bá dókítà nílé. Àwọn àpótí ló kún pálọ̀ rẹ̀, wọ́n ti ká àwọn kọ́tínnì. Ìyàwó rẹ̀ rí wa, ó wọ inú lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àpótí yẹn. Ó ní, "Dókítà, èmi ni mo pè." Dókítà ní òun mọ̀. Ó ní kó dìde, kò dìde.

Dókítà jókòó sórí àpótí kan. Ó ní, "Ohun tí ẹ sọ lórí rédíò kì í ṣe irọ́. Ọ̀dọ̀ olówó ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ìjọba ò san owó oṣù fún wa, mo sì ní ọmọ nílé. Mo rò pé màá padà dé kó tó di ọ̀sán." Ó fọwọ́ pa ojú. "Mo ti fi ọjọ́ kejì ọjọ́ tí wọ́n wá lé mi sílẹ̀ fún ìyàwó yín."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣe é níbikíbi, Dókítà. Ẹ ṣe é nílé wa."

"Mi ò ní ìwé àṣẹ mọ́. Kò sí ibi tí wọ́n á ti jẹ́ kí n mú abẹ. Tí mo bá sì ṣe é nílé yín, á kú sí mi lọ́wọ́." Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè máa to ìrọ̀rí kó lè dẹ̀ ẹ́ lára, ó sì kọ́ mi dáadáa, ó ní kí n ṣe é lójú òun pẹ̀lú tìmùtìmù àga rẹ̀. Kò bú wa. Mo rò pé ì bá sàn ká ní ó bú wa.

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n mi kú. Mo ń ṣẹ́tí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, mo rò pé omi ló fẹ́. Nígbà tí mo fi máa gbé omi dé, ojú rẹ̀ ti yí, ó ń fa èémí, èémí ò wọlé. Mo gbé e nàró, mo to ìrọ̀rí bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ń pè é. Kò jẹ́ mi lóhùn. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ rí mi, ó ju abẹ sílẹ̀. Oníbàárà náà sáré tẹ̀ lé wa pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Ó ti tán kí á tó dé.

Mo kórìíra ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà. Mo kórìíra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mò ń se oúnjẹ fún un nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi á fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbé e kalẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wá kí i. Wọ́n ní àwọn dókítà ló pa á, wọ́n ní ìkùnsínú ni wọ́n fi sá lọ, wọ́n ní Pàṣán ì bá ti gbà á là ká ní wọ́n jẹ́ kó ráyè. Ó ń gẹrun wọn lọ, ó ń dáhùn pé, "Ẹ ò parọ́." Mo wà lẹ́yìn pákó, mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń tẹ máṣíìnì kí n má bàa gbọ́.

Ìbò tún dé. Ó fá irùngbọ̀n ara rẹ̀, ó wọ aṣọ tó lọ̀. Èmi tí kì í lọ, mo bá a lọ, nítorí pé mo fẹ́ lọ tẹ̀ka lòdì sí Pàṣán, mo sì fẹ́ kó ṣojú mi tí òun náà á tẹ̀ ẹ́ lòdì sí i. Ìlà gùn. Oòrùn mú. Ẹnì kankan ò pariwo ayọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kálukú kàn dúró sẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ fẹ́ dìbò fún?"

Ó ní, "Pàṣán ni."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo ní, "Lẹ́yìn ohun tó ṣe?"

"Èmi ni mo ní kó ṣe é." Ohùn rẹ̀ ò ga, kò sì wo ẹ̀yìn. "Àbúrò mi, mo mọ ohun tí mo ṣe. Kò sí àárọ̀ kan tí mi ò jí bá a. Má rò pé mo gbàgbé."

"Kí ló wá dé tí ẹ tún fẹ́ dìbò fún un?"

Ìlà sún. Ó gbé ẹsẹ̀, mo gbé tèmi. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ka, irun mi ti funfun tán lẹ́nu ẹ̀, ìyẹn nìkan ló bi mí pé kí ló ń ṣe ìyàwó mi. Ó dákẹ́, ó gbọ́ mi tán. Dárúkọ ẹlòmíràn tó bi mí rí, màá dìbò fún onítọ̀hún báyìí. Àní kí o dárúkọ ẹyọ kan."

Mo la ẹnu. Gbogbo èébú tí mo ti kó jọ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ló wà létè mi, orúkọ nìkan ni kò sí. Mo wo àwọn pósítà tó wà lára ògiri. Ẹni tó ní òun á tún ọ̀nà ṣe wà níbẹ̀, ó ti sanra. Ẹni iná wà níbẹ̀. Kánsílọ̀ wà níbẹ̀, ó fá mọ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yí ojú padà, ó ń wò mí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ń retí, bí ẹni tó fẹ́ kí n rí ẹnì kan dárúkọ, bí ẹni tí ara á tù tí mo bá rí i. Nígbà tí wọ́n pè é pé ó ti kàn án, mi ò tíì rí.